Tọrùn Olùkọ́ Là Ń Wò

Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là ń wò. Ẹnu ẹni tó ń fura la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí: wọ́n ti ṣèlérí aṣọ ńlá fún un, ojú rẹ̀ sì ti bá àkísà tó wà lọ́rùn ẹni tó ṣèlérí. Lónìí, mo fẹ́ gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kan ní Maiduguri, ní ìpínlẹ̀ Borno. Òfin àyípadà ojú ọjọ́ tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2021 fẹ́ kí ẹ̀kọ́ nípa àyípadà yìí wọ iṣẹ́ ilé ìwé. Ó dáa. Kí ló wà lọ́rùn olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ?

Aṣọ tútù ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2024, dáàmù Alau já, omi ya bo ìlú, ọ̀nì àti ejò inú ọgbà ẹranko Sanda Kyarimi sì bá omi jáde. Olùkọ́ náà gbé ẹrù lérí sá bíi ti òbí ọmọ. Kò sẹ́ni tí yóò kọ́ ọ pé omi lágbára. Àmọ́ tí ọmọ bá béèrè pé, "Tíṣà, ṣé ojú ọjọ́ ló fọ́ dáàmù wa?" ńkọ́? Ẹni tí a kò kọ́ yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò sì nu bọ́ọ̀dù. Ẹni tí a kọ́ yóò ní kí wọ́n fara balẹ̀: afẹ́fẹ́ tó gbóná ń gba omi sára ju èyí tó tutù lọ, ìyẹn ló ń mú kí òjò máa rọ̀ ní àrọ̀ọ̀dá, ṣùgbọ́n dáàmù tí wọ́n ti kọ́ láti bí ogójì ọdún nílò àtúnṣe, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi òjò. Àtiya ọ̀ràn méjèèjì sọ́tọ̀ ni mo kà sí olórí ẹ̀kọ́ tó yẹ kí olùkọ́ gbà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Adágún Chad. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ó fẹ̀ tó bíi 25,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ́dún 1963, tó sì súnkì títí kò fi tó ìdá kan nínú mẹ́wàá nígbà ọ̀dá àwọn ọdún 1980. Pé omi rẹ̀ ti padà díẹ̀ láti ìgbà náà, ó yẹ kí olùkọ́ sọ ìyẹn náà.

Dídín èéfín kábọ́nù kù ló máa ń rí bí ọ̀rọ̀ àlejò. Ní àpérò ojú ọjọ́ tó wáyé ní Glasgow lọ́dún 2021, ìjọba ṣèlérí pé tó bá fi máa di ọdún 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú jáde kò ní ju èyí tí a lè fà padà lọ, ṣùgbọ́n kí ni ọmọ tí ilé rẹ̀ ń fi igi dáná fẹ́ dín kù? Ẹ jẹ́ kó rántí oṣù Ṣẹẹrẹ 2021, nígbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí fọ́ òpó iná tó ń wọ ìlú. Àwọn kan gbé jẹnẹrétọ̀ jáde, àwọn mìíràn gbé sólà sórí òrùlé. Olùkọ́ lè ní kí ọmọ fi owó epo bẹntiróò oṣù kan wé owó iná sólà. Ìṣirò nìyẹn, kì í ṣe ìwàásù.

Ẹ̀kọ́ tún wà lábẹ́ igi. Dóńgóyárò tí àwa ń fi ewé rẹ̀ se àgbo ibà, Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín ní Nàìjíríà, lọ́dún 1928. Ó kún ọgbà ilé ìwé níbẹ̀ títí dòní. Kí olùkọ́ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru kan sábẹ́ rẹ̀, kó fi èkejì sínú oòrùn, kó sì ní kí àwọn ọmọ kọ iye tí wọ́n rí sílẹ̀ lágogo méjì ọ̀sán.