Kí Ni Ó Ń Mú Eré Ogun Le? Ọpọ́n Ayò, Ìṣàgá àti Kétu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ju agbára. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí a fi ṣe òṣùwọ̀n bí a bá fẹ́ yẹ àwọn eré ogun orí kọ̀ǹpútà wò, àwọn tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń pè ní géèmù. Irú kan wà nínú wọn tí a lè pè ní eré ọgbọ́n ogun. Ẹni tí ń ṣe irú eré yìí kì í fi ìyára ọwọ́ ṣẹ́gun. Ọmọ ogun díẹ̀ ni ó ń darí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ, ó sì ní iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé pín sí ojúlé-ojúlé, olúkúlùkù yóò sì ṣe tirẹ̀ tán kí ọ̀tá tó ṣe tirẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àyè wà láti ronú, inú ìrònú ni ó yẹ kí ìnira eré náà ti wá. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé: ìnira wo ni ó ń kọ́ni lọ́gbọ́n, ìnira wo ni ó kàn ń dá ni lágara?

Ọwọ́ àwọn ológun ni irúfẹ́ eré yìí ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1824, Georg von Reisswitz, ọ̀gá ológun kan ní ilẹ̀ Prussia, gbé eré kan kalẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun níṣẹ́. Àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì. Àmì kéékèèké dúró fún ọmọ ogun. Adájọ́ kan sì wà láàrin tí ń fi dáìsì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, dípò kí ènìyàn darí odindi ẹgbẹ́ ogun, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò gbé wọ̀ bí ẹ̀wù. Ní ọdún 1990, àwọn ará Japan so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ nínú Fire Emblem: ọ̀gágun ń darí ogun, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ ni ó ní orúkọ àti ìtàn. Òfin líle kan wà nínú eré náà: jagunjagun tí ó bá kú, ó kú nìyẹn, kò ní padà wá títí eré yóò fi parí.

Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń ṣe eré báyìí ti ní ọ̀nà méjì láti mú un le. Ọ̀nà kìn-ín-ní rọrùn: wọn a bu agbára kún agbára ọ̀tá. Ọ̀tá tí ó yẹ kí ó ṣubú ní ìgbà tí idà bá bà á lẹ́ẹ̀mẹta kò ní ṣubú títí di ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹni tí ń ṣe eré yóò pẹ́ lójú ogun, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni yóò máa ṣe. Sùúrù nìkan ni ó kọ́ níbẹ̀. Ọ̀nà kejì ṣòro láti gbé kalẹ̀: wọn a fi ìpinnu síwájú ènìyàn, èyí tí ó jẹ́ pé bí ó bá mú ọ̀kan, yóò pàdánù èkejì. Nínú Into the Breach, tí ó jáde ní ọdún 2018, ọ̀tá ń fi ohun tí yóò ṣe hàn kí ó tó ṣe é. Kò sí ìkọ̀kọ̀, síbẹ̀ eré náà le, nítorí pé ibi tí ìyà ń bọ̀ wá pọ̀ ju ọwọ́ tí a fi lè dí i lọ.

Bí èyí bá jọ ohun tuntun lójú àwọn ẹlòmíràn, kò yẹ kí ó jọ ọ́ lójú ẹni tí ó ti jókòó ti ọpọ́n ayò rí ní Ìlaròó tàbí ní Ayétòrò. Ojúlé méjìlá ni ọpọ́n ní, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Kò sí ohun tí ó pamọ́. Ẹni méjèèjì ń wo ọpọ́n kan náà, àwọn òǹwòran pàápàá ń wò ó, wọn kò sì ní pa ẹnu mọ́. Ẹni tí ó bá ń kó ọmọ jọ láti di odù, ojú ọ̀tá rẹ̀ ni ó ti ń kó o jọ. Bí odù náà bá pẹ́ jù, ilé tí ó kù yóò ṣófo. Bí ó bá sì yá jù, kò ní yí ọpọ́n po débi tí yóò ti jẹ ohun tí ó tó nǹkan.

Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal, onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì ní Vrije Universiteit ní ìlú Amsterdam, fi ẹ̀rọ yẹ eré yìí wò dé òpin, lábẹ́ orúkọ náà Awari. Ipò 889,063,398,406 ni wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀, èsì tí wọ́n sì rí ni pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni eré yóò já sí. Èyí fi hàn pé ọpọ́n kò ṣègbè lẹ́yìn ẹni tí ó kọ́kọ́ ta tàbí ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Ohun tí ó mú ayò le fún ọ̀pẹ ni pé ọ̀ta jókòó níwájú rẹ̀. Ọ̀ta kò ní ọmọ kan ju tirẹ̀ lọ. Ó kàn rí ohun tí ọ̀pẹ kò tíì rí ni.

Ṣùgbọ́n ayò kò lè kọ́ni ní gbogbo ohun tí ó wà nínú ogun. Lójú ogun, ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó pamọ́, agbára kì í sì í dọ́gba. Ìtàn ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa láti ọdún 1995, kún fún àpẹẹrẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1851, Gẹ́zò ọba Dàhómì kó ogun bọ̀ wá bá Abẹ́òkúta. Ìṣàgá, ìlú Ẹ̀gbádò kan, wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Bí Ìṣàgá bá jà, yóò tú ká. Bí wọ́n bá sì sá, ibo ni wọn yóò sá gbà? Gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn ti kọ ọ́, àwọn ará Ìṣàgá túúbá fún Gẹ́zò, wọ́n sì gbà á nímọ̀ràn. Wọ́n ní kí ó má ṣe kọlu Abẹ́òkúta lóru, kí ó jẹ́ ọ̀sán gangan. Wọ́n ní ìhà bodè Àrò ni kí ó gbà. Bẹ́ẹ̀ ìhà Àrò ni Ẹ̀gbá ti tún odi wọn mọ dáadáa.

Ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹta ọdún 1851, Dàhómì gba ibi tí wọ́n ní kí wọ́n gbà, Ẹ̀gbá sì ṣẹ́gun wọn. T. J. Bowen, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará Amẹ́ríkà, wà nínú ìlú lọ́jọ́ náà. Ìṣàgá kò bu agbára kún agbára ẹnikẹ́ni. Wákàtí àti ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n yí padà. Ẹni tí ó bá ń wá ìtumọ̀ ọgbọ́n ogun kò ní láti lọ jìnnà sí ibẹ̀.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, eré tí ó dùn ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ìpinnu gidi ní gbèsè lẹ́yìn. Ọdún mọ́kànlá kọjá. Gẹ́zò ti wàjà, Gẹ̀lẹ̀lẹ̀ ọmọ rẹ̀ sì ti jọba. Ní Oṣù Kẹta ọdún 1862, Gẹ̀lẹ̀lẹ̀ wá gba ẹ̀san lára Ìṣàgá. Ó pa ìlú náà run, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó padà wá bá Abẹ́òkúta ní ọdún 1864, Ẹ̀gbá tún lé e. Ìlú tí ó gba Abẹ́òkúta là ní ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó san owó rẹ̀. Eré tí ó bá fun kàkàkí ìṣẹ́gun ní ọdún 1851 tí ó sì pa ojú dé, ó ti fi ìdajì ìtàn pamọ́.

Kétu fi ìhà mìíràn hàn. Ìlú tí ó ní odi ni, ó sì ní yàrà jíjìn. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí a ń pè ní Akaba Ìdẹ́na ṣì wà di òní ní orílẹ̀-èdè Benin. Bí a bá fi nọ́ńbà wọn odi náà bí ti géèmù, iye rẹ̀ yóò ga. Ní ọdún 1886, Dàhómì dó ti Kétu, wọ́n sì jẹ́ kí ebi bá wọn jà. Nígbà tí ara ìlú kò gbà á mọ́, wọ́n pe àwọn olórí Kétu jáde wá sọ̀rọ̀ àlàáfíà, wọ́n sì mú wọn. Odi kò wó kí ìlú tó bọ́. Eré tí ó ń ka ìlù idà nìkan, tí kò ka oúnjẹ inú àká àti irọ́ ẹnu ikọ̀, kò lè sọ bí Kétu ṣe ṣubú.

Àwọn kan yóò sọ pé ó burú láti fi irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo. Àwọn tí a kó lọ ní Ìṣàgá àti ní Kétu kì í ṣe ọmọ ayò tí a óò dà padà sójú ọpọ́n. Láti ọdún 2010 ni Fire Emblem ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn tí ó ṣubú padà wá lẹ́yìn ìjà. Kò sí ẹ̀bi nínú ìyẹn. Ọ̀pẹ gbọ́dọ̀ rí àyè kọ́ṣẹ́, ọ̀ta pàápàá a máa fọwọ́ rọ́ fún ọmọdé nídìí ayò. Ṣùgbọ́n eré tí a bá gbé lé orí ìtàn gidi kò ní ẹ̀tọ́ láti dá òkú padà. Ibẹ̀ ni òfin líle ti ọdún 1990 ti wúlò jù, nítorí pé ó ń mú kí ènìyàn ro orúkọ kọ̀ọ̀kan kí ó tó rán an lọ.

Olùkọ́ kò nílò kọ̀ǹpútà láti dán èyí wò. Kí ó ya àwòrán ọ̀nà láti Dàhómì dé Abẹ́òkúta sí ojú pátákó, kí ó fi Ìṣàgá sí ibi tí ó wà, kí ó sì pín kíláàsì sí ìgbìmọ̀ mẹ́rin. Ogun ń bọ̀; kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ bóyá wọn yóò jà, wọn yóò sá, wọn yóò túúbá, tàbí wọn yóò tan ọ̀tá jẹ, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti sọ̀rọ̀ tán ni kí ó tó ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1862 fún wọn. Àríyànjiyàn tí yóò tẹ̀ lé e ni ẹ̀kọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlaròó tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Poli ìjọba àpapọ̀ sì lè sọ ọ́ di géèmù lọ́la; ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni ohun tí ìlú yóò pàdánù nínú ìpinnu kọ̀ọ̀kan, kí ó tó bèèrè iye ìgbà tí ọ̀tá yóò fara gba idà.

Ní ọdún 1902, àwọn tí ogun Dàhómì ti fọ́n ká láti ìlú púpọ̀ parapọ̀ tẹ Ayétòrò dó. Wọn kò sọ ìlú náà ní orúkọ ogun tí wọ́n jà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ ọ́ ní orúkọ akọni kan. Wọ́n ní ayé tòrò. Nínú gbogbo eré ogun tí a ti ṣe láti ìgbà Reisswitz, ìwọ̀nba ni ó ka irú ìparí yìí sí ìṣẹ́gun.