Ta Ló Ń Rí Ìlà? Ìtàn Irinṣẹ́ Aláwòrán fún Àbójútó Iṣẹ́ lórí Àgbájọ Kọ̀ǹpútà

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ láti jọ ṣiṣẹ́ mu gan-an. Ìṣirò tó bá ju agbára ẹ̀rọ kan lọ, bí irú èyí tí a fi ń mọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni yóò pín in ṣe. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni a pè ní àgbájọ kọ̀ǹpútà nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ṣùgbọ́n ibi tí èrò púpọ̀ bá ti ń pín ohun kan lò, ìlà kò ní ṣàìsí níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìlà epo. Ẹni tó wà níwájú ń rí ẹnu ẹ̀rọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò mọ̀ bóyá epo ṣì kù. Èrò wa ni pé ìtàn àwọn irinṣẹ́ aláwòrán tí a fi ń bójú tó iṣẹ́ lórí àgbájọ kọ̀ǹpútà jẹ́ ìtàn àwọn tó láǹfààní láti rí ìlà. A ó tọ ipasẹ̀ ìtàn náà, a ó sì sọ ohun tó kan àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la.

Ìgbà tí ìlà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn

Ní ọdún 1956, àwọn òṣìṣẹ́ General Motors àti North American Aviation ní Amẹ́ríkà ṣe ètò kan fún kọ̀ǹpútà IBM 704, tí iṣẹ́ kan fi lè tẹ̀ lé òmíràn láìjẹ́ pé ènìyàn ń tún ẹ̀rọ tò láàárín wọn. Orí káàdì tí a dá ihò sí ni oníṣẹ́ ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Yóò kó káàdì lé òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ lọ́wọ́, yóò sì máa lọ. Ìgbà tó bá padà wá gba ìwé èsì ni yóò tó mọ̀ bóyá àṣìṣe kékeré kan ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Òṣìṣẹ́ inú yàrá ẹ̀rọ nìkan ló ń rí ìlà.

Ìgbà tí a ń tẹ àṣẹ

Ní ọdún 1988, Yunifásítì Wisconsin ní Madison gbé Condor jáde, ètò tó ń wá kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò lò lọ́wọ́, kó lè gbé iṣẹ́ fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ibùdó NASA Ames ní Kalifóníà ṣe ètò PBS. Pẹ̀lú rẹ̀, oníṣẹ́ yóò tẹ qsub láti fi iṣẹ́ sórí ìlà, qstat láti béèrè ibi tó dé, àti qdel láti yọ ọ́ kúrò. Ní 1994, Thomas Sterling àti Donald Becker ní NASA Goddard so àwọn kọ̀ǹpútà 16 tí kò ju èyí tó wà lórí tábìlì lọ pọ̀, wọ́n sì pè é ní Beowulf. Ohun tí iléeṣẹ́ ńlá nìkan ń rà tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan lè tò jọ fúnra rẹ̀.

Ìlà gùn sí i, ilẹ̀kùn sì ṣí díẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà ni qstat ń fi hàn: Q fún iṣẹ́ tó ń dúró, R fún èyí tó ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tí kò gbọ́ èdè àṣẹ wọ̀nyí ṣì wà lóde.

Ìgbà àwòrán

X Window, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní MIT ní 1984, ló jẹ́ kí ènìyàn lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, kó máa wo fèrèsé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí òmíràn tó wà lọ́nà jíjìn. Lórí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ xpbs fún PBS: orúkọ àwọn iṣẹ́ wà nínú àpótí, bọ́tìnnì sì wà láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́, láti dá a dúró, tàbí láti pa á rẹ́. Grid Engine, tí Sun gbà sọ́wọ́ ní 2000, ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ qmon. Slurm, tó jáde láti ibùdó Lawrence Livermore ní 2002, wá ní sview. Láti Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley ni Ganglia ti wá. Òun ń ya bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe làálàá sórí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2013, Ohio Supercomputer Center gbé OnDemand jáde, èyí tó kó gbogbo rẹ̀ sínú ohun tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì sọ ọ́ di Open OnDemand fún àwọn iléèwé mìíràn. Ẹni tó bá lè ṣí íméèlì lè rí ìlà báyìí.

Ohun tí àwòrán kò sọ

Ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí a lọ, a fi iṣẹ́ kékeré kan ránṣẹ́. Àwòrán fi hàn pé ó ń dúró. Ó pẹ́ títí, kò yí padà. A pa á rẹ́, a tún un fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wa rọra sún mọ́ wa, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pa á rẹ́ mọ́. Ẹ̀yìn ìlà lẹ tún ń padà sí.” Ó wá tẹ squeue fún wa. Ìdí wà níbẹ̀ kedere: àwọn iṣẹ́ mìíràn ló ṣáájú. Ó ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe to ibẹ̀, bí iṣẹ́ bá ṣe pẹ́ tó lórí ìlà wà lára ohun tó ń gbé e síwájú. Ó tún ní wákàtí tí a béèrè pọ̀ jù fún iṣẹ́ tí kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ká ní a béèrè díẹ̀, ètò náà ì bá rí àyè kékeré kan fi sí. Ojú tì wá, ṣùgbọ́n a kọ́gbọ́n. Àwòrán sọ fún wa pé iṣẹ́ wa ń dúró. Àwa ni kò wádìí ohun tó ń dúró dè.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé ní gbogbo ìgbà tí a bá fi àwòrán síwájú ìlà, èrò tó ń wọlé máa ń pọ̀ sí i. Ohun rere ni. Nítorí náà, a kò fara mọ́ èrò pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ há àṣẹ sórí kó tó fojú kan àwòrán. Àbá wa ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán, kí a sì fi àṣẹ tó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan han akẹ́kọ̀ọ́. Kí a má jẹ́ kó pa iṣẹ́ rẹ́ láìkọ́kọ́ sọ ìdí tí iṣẹ́ náà fi dúró. Kí a fi ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ nílé ṣàlàyé: ìlà, ìpín, sùúrù. Ọ̀fẹ́ ni Slurm àti Open OnDemand. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin tó ti gbó nínú yàrá ẹ̀kọ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá kọ́ olùkọ́ ọ̀la ní bọ́tìnnì títẹ̀ nìkan, bọ́tìnnì títẹ̀ nìkan ni yóò kọ́ àwọn ọmọ, wọn yóò sì dà bí ẹni tó ń rí ìlà epo láti òkèèrè, tí kò mọ ìdí tí kò fi lọ.