Ìyẹ́ Orí Àkẹtẹ̀: Ìtàn Ìdáàbòbò Ẹyẹ ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, 1886–1918

1. Ìfáárà

Bí a bá ń sọ ìtàn bí ẹyẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìparun, òfin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí. Èrò yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò kún tó. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé òfin tí ó de ọdẹ nìkan kò lè gba ẹyẹ là níwọ̀n ìgbà tí ọjà tí ọdẹ ń pa á fún bá ṣì wà ní ṣíṣí.

2. Ìyẹ́ àti Ọjà Rẹ̀

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin olówó a máa fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe àkẹtẹ̀ wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn ẹyẹ funfun inú àbàtà Florida, tí wọ́n jẹ́ ìbátan lékeléke, wà lára àwọn tí ó jìyà èyí jù. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yé ẹyin ni ìyẹ́ wọn máa ń rẹwà jù. Nítorí náà, ìdí ìtẹ́ gan-an ni àwọn ọdẹ ti ń yìnbọn pa wọ́n. Ebi a sì pa àwọn ọmọ tí ó kù sínú ìtẹ́.

3. Àwọn tí ó Kà

Ní 1886, Frank Chapman rìn kiri ìgboro New York ní ọ̀sán méjì, ó ń ka àkẹtẹ̀ orí àwọn obìnrin. Nínú 700 tí ó rí, 542 ni ìyẹ́ wà lára wọn. Irú ẹyẹ 40 ni ó sì dá mọ̀. Báyìí ni ìparun tí ń ṣẹlẹ̀ ní àbàtà jíjìnnà ṣe di ohun tí ará ìlú lè fi ojú rí. Ní 1896, ní Boston, Harriet Hemenway àti Minna Hall ń pe àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn wá mu tíì, wọ́n ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ìyẹ́ sílẹ̀. Nǹkan bí 900 obìnrin ni ó gbà. Ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Audubon ti Massachusetts ti dìde.

Ní àkókò náà, àṣà kan wà tí àwọn ènìyàn fi ń pín sí ìhà méjì ní ọjọ́ Kérésìmesì, tí wọ́n ń yìnbọn pa ohun gbogbo tí wọ́n bá rí. Ìhà tí òkìtì òkú ẹran àti ẹyẹ rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ó borí. Ní 1900, Chapman dábàá pé kí wọ́n máa ka ẹyẹ láàyè dípò rẹ̀. Ènìyàn 27 ni ó jáde, ní ibi 25.

4. Òfin àti Ikú Bradley

Òfin Lacey ti 1900 ka gbígbé ẹyẹ tí a pa lódì sí òfin láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn léèwọ̀. Florida ṣe òfin tirẹ̀ ní 1901. Guy Bradley, tí òun náà ti pa ẹyẹ ta ìyẹ́ rí, di ẹ̀ṣọ́ ẹyẹ níbẹ̀ ní 1902. Ní ọjọ́ 8, oṣù Keje, 1905, wọ́n yìnbọn pa á níbi tí ó ti fẹ́ mú àwọn tí ń pa ẹyẹ. Ìgbìmọ̀ tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kò fi ẹ̀sùn kan ẹni tí ó yìn ín níbọn.

Òfin wà, ẹ̀ṣọ́ sì wà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìyẹ́ àti wúrà lé òṣùwọ̀n, ìyẹ́ ni ó wọ́n jù. Ìgbà tí New York, níbi tí òwò náà ti gbilẹ̀, fi òfin de títa ìyẹ́ ní 1910, tí ìjọba àpapọ̀ sì de kíkó o wọlé láti òkèèrè ní 1913, ni ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Òfin ẹyẹ aṣíkiri ti 1918 wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

5. Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá ń pe ẹni tí ń pa ẹran nígbó ní ọdẹ, wọ́n sì ń pe ẹni tí ń ṣọ́ ìlú lóru ní ọdẹ. Bradley ṣe méjèèjì, èkejì ni ó sì kú sí. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù. Ẹni tí ó rán ọdẹ àbàtà níṣẹ́ ni ẹni tí ń ra àkẹtẹ̀ ní ìgboro. Ìgbà tí òun kò rà mọ́ ni ẹyẹ tó rí ìsinmi.