Wàláà Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun: Orísun Rẹ̀ àti Àwọn Orúkọ Tí Ó Sọnù

Ẹ̀yin ará Ìgándò, nínú ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn àtijọ́ ni a ti ń rí wàláà òkúta tàbí ti idẹ lára ògiri, tí a fín orúkọ àwọn tí ó kú sí ojú ogun sí. Ó yẹ kí a mọ orísun àṣà yìí, àti ìdí tí orúkọ àwọn baba wa fi ṣọ̀wọ́n nínú irú ìrántí bẹ́ẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí a gbé òkú ọmọ ogun padà wá sílé. Nítorí náà ni àwọn ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń gbé wàláà kọ́ ògiri, kí ìyá tí kò lè dé ibojì ọmọ rẹ̀ lè rí orúkọ rẹ̀ kà. Ní 1917 ni a dá Àjọ Ibojì Ogun sílẹ̀, tí ìlànà rẹ̀ sì ni pé bákan náà ni a ó ṣe ìrántí ọ̀gá àti ọmọ ogun lásán.

Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà jà ní Kamẹrúùnù láti 1914 títí di 1916, lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn aláàárù ń fi orí ru oúnjẹ àti ọta ìbọn tẹ̀ lé wọn, àìsàn sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìlànà rere nì kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ní 2021 ni Àjọ náà jẹ́wọ́, ó sì tọrọ àforíjì, pé ó kéré tán 116,000 ènìyàn, tí ó sì lè tó 350,000, ni a kò kọ orúkọ wọn sí ibì kan. Ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn náà sì wà lára àwọn tí a kò ṣe ìrántí wọn bí ó ti yẹ.

Nínú Ogun Kejì, àwọn ọmọ wa lọ sí Bọ́mà. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ará Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, ìbọn àwọn ará Japan ṣe é léṣe ní àfonífojì Kaladan. Àwọn Mùsùlùmí abúlé ibẹ̀ ni ó fi í pamọ́, tí wọ́n ń bọ́ ọ fún bí oṣù mẹ́sàn-án, títí ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé. Bí kò bá ṣe àánú wọn, orúkọ lásán ni ì bá jẹ́ ní Taukkyan, ní ẹ̀bá ìlú Yangon, níbi tí a kọ orúkọ àwọn ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 tí kò ní ibojì sí. Ó darúgbó ní ilé, ó kọ ìtàn ara rẹ̀, ó sì kú ní 2012.

Láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 ni ọjọ́ náà ti di ọjọ́ ìrántí wa, dípò ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá. Ẹni tí ó bá dé Tafawa Balewa Square ní Èkó yóò rí ibi ìrántí ogun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ọ̀dọ̀ agbẹ́kúta ni wàláà ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ẹnu àwọn àgbà, láti inú ìwé ìrìbọmi, àti láti ìsàlẹ̀ àpótí bàbá àgbà ni ó ti ń wá. Ẹni tí ó bá ní ìwé ogun tàbí àmì ẹ̀yẹ àtijọ́ nílé, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín sílẹ̀ lónìí. Òkúta kò lè sọ orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.