Ẹ̀jẹ̀ Asibi àti káàdì yẹ́lò ọwọ́ wa

Káàdì yẹ́lò tí à ń mú dání lọ Kútọnu àti Accra yẹn, ìtàn rẹ̀ ni mo gbé wá lónìí.

Lọ́dún 1927, ibà pọ́njú ń pa èèyàn ní Gold Coast, ìyẹn Gánà. Dókítà Mahaffy gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Kpeve, wọ́n fi gún ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà. Ọ̀bọ kú, Asibi yè. Òṣìṣẹ́ àjọ Rockefeller ni wọ́n, Yábà l'Ékòó ni ibùdó wọn. Adrian Stokes tó wà láàárín wọn kó àrùn náà, ó sì kú l'Ékòó lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn.

Ẹ gbọ́ o: wọn ò jẹ́ kí kòkòrò yẹn ṣègbé. Wọ́n tọ́jú ẹ̀, wọ́n fi orúkọ Asibi pè é, wọ́n pín in fáwọn lábù mìíràn. Ní New York, Max Theiler tọ́ ọ nínú ẹran ara ọmọ adìyẹ inú ẹyin títí oró ẹ̀ fi rọ̀. Ní 1937 ó di àjẹsára 17D, ìran ẹ̀ là ń gbà dòní.

Àmọ́ ẹrù tó wà ní sítọ̀ tí kò sí nínú ìwé, ta ló máa mọ̀ pé ó wà? Ìdí nìyẹn tí Martin àti Skerman fi ṣe ìwé kan jáde ní 1972, tó to orúkọ àwọn ilé tó ń tọ́jú kòkòrò lágbàáyé. Orí kọ̀ǹpútà ni irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà báyìí. Torí pé Asibi ò sọnù, ní 1987 àwọn onímọ̀ fi òun àti 17D wéra, wọ́n rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀.

Nígbà tí Asibi fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kò tíì sí àdéhùn Nagoya. Ọdún 2010 ni wọ́n ṣe ìyẹn, pé kí ẹni tó bá mú ohun ẹlẹ́mìí orílẹ̀-èdè kan tọrọ àyè, kó sì pín èrè.

Ibà pọ́njú tún yọjú ní Ìfẹ́lódùn, Kwara, ní 2017. Dakar ni wọ́n ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Lónìí NCDC ní lábù ní Gaduwa, l'Ábújá wa níbí. Tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ sọ orúkọ, ibi tí ẹ ti dé, àti ọjọ́ tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ní àkọsílẹ̀, ẹrù tí kò lólúwa ni.