Ọ̀nà Oǹdó: Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Etí Òkun

Kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé, ẹsẹ̀ ni àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ àti gúúsù Èkìtì fi ń wá iyọ̀ òkun lọ. Ní 1872, John Glover, aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, rán Roger Goldsworthy lọ sí ilẹ̀ Oǹdó láti ṣí ọ̀nà tó gba orí ọ̀sà, ìyẹn omi gbalasa tí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yà sọ́tọ̀ kúrò lára òkun, kí ọjà lè dé Èkìtì láìgba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí Ìbàdàn kọjá. Nígbà ogun Kírìjì (1877 sí 1893), ọ̀nà yìí kan náà ni ìbọn gbà dé ọwọ́ Èkìtì Parapọ̀, ẹgbẹ́ tó ń bá Ìbàdàn jà, èyí tó fi hàn pé ọ̀nà iyọ̀ kì í pẹ́ di ọ̀nà ogun.

Lónìí, ọkọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ ń gba Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa dé Igbókòdá, níbi tí èrò ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀dó ní 1947. Ẹni tó bá ń retí iyanrìn funfun ní etíkun Máhìn, níbi tí Ayétòrò wà, yóò rí ẹrẹ̀, yóò sì rí ilé tí òkun ti jẹ. Manatee, ẹran omi ńlá tó ń jẹ koríko, ń gbé inú irú ọ̀sà tí ọ̀nà àtijọ́ náà gbà. Òfin Nàìjíríà ti 1985 sì ka pípa rẹ̀ léèwọ̀.