Bí A Ṣe Lè Gba Àkáǹtì WhatsApp àti Facebook Padà Lọ́wọ́ Gbájúẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí kan àgbà gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ọmọdé. Ìlọràá wà ní ìtòsí Ọ̀yọ́, lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn wá, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ìlú náà ti ń gba ojú ọ̀nà yìí lọ wá iṣẹ́ sí ibi gbogbo. Láyé àtijọ́, lẹ́tà tàbí awakọ̀ ni a fi ń ránṣẹ́ sí wọn. Lónìí, orí WhatsApp ni a ti ń kéde ìsìnkú, ibẹ̀ ni a ti ń dáwó Ìkórè, ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ akọrin ti ń mọ orin tí wọn yóò kọ ní ọjọ́ Ìsinmi. Nítorí náà, bí gbájúẹ̀ bá gba àkáǹtì akọ̀wé ìjọ tàbí ti olùṣọ́àgùntàn, orúkọ ẹni náà ni ó gbé wọ̀ bí ẹ̀wù, orúkọ náà ni yóò sì fi máa tọrọ owó.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ká ní ìyá kan jẹ́ akápò Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ. Ìyá náà rí àtẹ̀jíṣẹ́ kan gbà láti orí nọ́ńbà ẹni tí ó mọ̀ dáadáa: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ bá mi dá a padà.” Ó wo fóònù rẹ̀, ó rí nọ́ńbà mẹ́fà náà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí WhatsApp rẹ̀ fi tì mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ó tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, ẹnìkan ti ń fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ yá 50,000 náírà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, pé báńkì ń yọ òun lẹ́nu, òun yóò dá a padà ní ìrọ̀lẹ́. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì náà. WhatsApp ni ó fi í ránṣẹ́, nítorí pé ẹnìkan ń gbìyànjú láti ṣí nọ́ńbà ìyá náà lórí fóònù mìíràn. Ẹni tí ó dàbí ẹni pé ó kọ̀wé sí i ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kọ́kọ́ gba àkáǹtì tirẹ̀ náà. Bí ó ṣe ń ràn láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ẹnì kejì nìyẹn, títí yóò fi kárí odidi ẹgbẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ ṣe kò sí nínú WhatsApp rárá. Kí a pe ènìyàn ní ohùn. Kí a pe olórí ẹgbẹ́, kí a pe ọmọ wa, kí a pe olùṣọ́àgùntàn, kí a sì sọ pé, “Wọ́n ti gba WhatsApp mi, ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó ránṣẹ́.” Kí ẹni tí ó ní àṣẹ nínú ẹgbẹ́ orí WhatsApp yọ nọ́ńbà náà kúrò lójú ẹsẹ̀, kí ó tó wá kọ ìkìlọ̀ síbẹ̀, nítorí bí nọ́ńbà náà bá ṣì wà nínú ẹgbẹ́, gbájúẹ̀ yóò ka ìkìlọ̀ náà pẹ̀lú wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ojú máa ń tì, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Àárín ọjọ́ wọ̀nyí gan-an ni owó ń lọ. Kò yẹ kí ojú tini. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2020, wọ́n gba àkáǹtì Barack Obama, Joe Biden àti Bill Gates lórí Twitter ní ọjọ́ kan náà, wọ́n sì ń fi wọ́n tọrọ owó Bitcoin lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ọmọ ọdún 17 kan ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà ni wọ́n mú pé ó ṣíwájú iṣẹ́ náà. Orí fóònù ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ dídùn tan àwọn òṣìṣẹ́ Twitter fúnra wọn, bí wọ́n ṣe ń tan àwọn ìyá wa.

Lẹ́yìn tí a bá ti kéde, kí a ṣí WhatsApp lórí fóònù wa, kí a tẹ nọ́ńbà wa sí i, kí a sì ní kí ó tún fi nọ́ńbà mẹ́fà mìíràn ránṣẹ́. Bí ó bá dé, tí a sì tẹ̀ ẹ́ sí i, gbájúẹ̀ yóò jáde nínú àkáǹtì náà fúnra rẹ̀, nítorí fóònù kan ṣoṣo ni WhatsApp ń gbà gẹ́gẹ́ bí fóònù àgbà fún nọ́ńbà kan. Nígbà mìíràn, yóò tún béèrè nọ́ńbà àṣírí kejì, èyí tí a kò mọ̀, tí gbájúẹ̀ ti yàn láti fi ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Kí ọkàn wa má ṣe dàrú níbẹ̀. Bí a bá ti tẹ nọ́ńbà mẹ́fà tí ó wá sórí síìmù wa, olè náà ti jáde ná, bí a kò tilẹ̀ mọ nọ́ńbà kejì. Ọjọ́ 7 ni a ó dúró, lẹ́yìn náà a ó lè wọlé láìsí nọ́ńbà kejì yẹn. Ìtùnú kan tún wà: orí fóònù ẹni ni WhatsApp ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àtijọ́ sí, nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣí nọ́ńbà wa lórí fóònù tirẹ̀ kò ní rí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti bá àwọn ènìyàn sọ tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tí a wà àti ohun tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni yóò rí.

Bí nọ́ńbà mẹ́fà náà bá kọ̀ tí kò dé ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tan wá láti darí ìpè wa sórí nọ́ńbà mìíràn. Wọ́n á ní kí a tẹ òǹkà kan tí ó ní àmì ìràwọ̀ nínú, pé báyìí ni a ó ṣe gba ẹ̀bùn tàbí ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Kí a tẹ ##002# kí a sì pè é: lórí ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ̀kì, òǹkà yìí ń fagi lé gbogbo ìdarí ìpè. Lẹ́yìn náà kí a tún béèrè nọ́ńbà mẹ́fà. Bí a bá ti béèrè lọ́pọ̀ ìgbà, WhatsApp yóò ní kí a dúró fún wákàtí mélòó kan. Kí a dúró.

Irú olè mìíràn wà tí kì í pariwo. Kò lé wa jáde. Ó kàn so kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tirẹ̀ mọ́ àkáǹtì wa, ó sì jókòó, ó ń ka ohun tí a ń kọ. Ẹni tí ó bá ti fi fóònù rẹ̀ lé ọmọ kan lọ́wọ́ pé kí ó bá òun tún un ṣe, kí ó yẹ ibi tí a kọ “Linked devices” sí wò nínú WhatsApp. Ohunkóhun tí a kò bá mọ̀ níbẹ̀, kí a lé e jáde.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ní ilé wa. Gbogbo ohun tí a ti sọ yìí, orí síìmù ni ó dúró lé. Bí síìmù bá sọnù pẹ̀lú fóònù, tàbí tí ó bá ti bàjẹ́, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà náà padà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní “welcome back”. Láti ìgbà tí ìjọba ti pàṣẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 pé kí gbogbo síìmù so mọ́ NIN, NIN ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ ni wọn yóò béèrè. Ṣùgbọ́n ta ni ó forúkọ sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ń lo síìmù tí ọmọ fi orúkọ ara rẹ̀ gbà kí ó tó padà sí Èkó, tàbí èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á lábẹ́ agboòrùn tí wọn kò sì mọ orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí síìmù náà bá sọnù, ìyá tí ó ti lo nọ́ńbà kan fún ọdún mẹ́wàá yóò di àlejò sí i. Kí ẹni tí ó ní àkókò lọ́sẹ̀ yìí bá àwọn àgbà ilé rẹ̀ tẹ *996# láti mọ̀ bóyá NIN ti so mọ́ síìmù wọn, kí ó sì wádìí orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀. Bí orúkọ náà kì í bá ṣe tiwọn, kí ẹni tí ó ni orúkọ bá wọn lọ sí ibi ìtọ́jú oníbàárà, ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ìbàdàn bí kò bá sí nítòsí, kí wọ́n yí i padà nígbà tí àlàáfíà ṣì wà. Ohun kan tún kù: síìmù tí a kò lò fún oṣù mẹ́fà, tí a kò pe ènìyàn tí a kò sì ra nǹkan kan lórí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ lè tì í pa, bí ó bá sì tún pẹ́ sí i, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn, bí a tilẹ̀ ṣì ń fi nọ́ńbà náà lo WhatsApp.

Ní ti Facebook, ọ̀nà tí a ó gbà ni facebook.com/hacked. Orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí a ti máa ń lò tẹ́lẹ̀ ni kí a ti ṣe é, nítorí Facebook ń dá ẹ̀rọ tí a ti ń lò mọ̀, ó sì ń fi ojú rere wò ó. Bí gbájúẹ̀ bá ti yí ímeèlì padà, kí a lọ wo ímeèlì wa àtijọ́: Facebook sábà máa ń kọ̀wé síbẹ̀ láti béèrè bóyá àwa ni a ṣe ìyípadà náà, ìlà kan sì wà nínú lẹ́tà náà tí a lè fi dá a padà. Orí security@facebookmail.com ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Facebook lè béèrè ìwé ìdánimọ̀ tàbí fídíò ojú wa. Ibí ni àwọn tí wọ́n pe ara wọn ní “Ìyá Ìbejì” tàbí “Ọmọ Ọba” lórí Facebook ti máa ń rí ìṣòro, nítorí orúkọ náà kò bá ti inú ìwé mu. Ṣáájú ọdún 2022, a lè yan ọ̀rẹ́ mélòó kan sílẹ̀ tí wọn yóò ràn wá lọ́wọ́ láti wọlé. Facebook ti pa ọ̀nà yẹn rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá a mọ́. Ti Instagram kò yàtọ̀ púpọ̀: instagram.com/hacked ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti wọ inú ímeèlì wa, ìyẹn ni kí a kọ́kọ́ gbà padà, kí a sì yí ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ohun tí a bá tún ṣe, ojú olè ni a ó ti máa ṣe é.

Bí a bá ti kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n gba àkáǹtì wa, àwọn kan yóò kọ̀wé sí wa pé àwọn lè bá wa gbà á padà bí a bá san owó díẹ̀. Gbájúẹ̀ ni àwọn náà. Kò sí ẹnikẹ́ni lóde tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ilé Facebook, wọn kì í sì í gba owó fún ìgbàpadà tí a ṣàlàyé yìí.

Ẹni tí ó bá ti fi owó ránṣẹ́ ní ìṣẹ́ tirẹ̀. Kí òun fúnra rẹ̀ pe báńkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó fún wọn ní orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì tí owó náà lọ, kí wọ́n lè gbìyànjú láti dá a dúró. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni owó fi ń dé láti báńkì kan sí òmíràn, ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń kó o kúrò. Lẹ́yìn náà kí a fi ẹjọ́ sun ní àgọ́ ọlọ́pàá, tàbí lórí nccc.npf.gov.ng, tí í ṣe ti ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá tí ó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. EFCC náà ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn. Òfin tí a ṣe lórí ìwà yìí ní ọdún 2015, tí a sì tún ṣe ní ọdún 2024, ka wíwọ inú àkáǹtì ẹlòmíràn àti fífi orúkọ ẹlòmíràn jẹun sí ẹ̀ṣẹ̀. Kí a ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ tí olè náà kọ kí a tó pa á rẹ́.

Àwọn tí ó gba irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dá a mọ̀ bí wọ́n bá fara balẹ̀. Gbájúẹ̀ kì í sábà kí ènìyàn. Ìyá Ìjọ tí ó ń wá owó lọ́wọ́ àgbà ní Ìlọràá yóò kọ́kọ́ béèrè ara, yóò béèrè ọmọ, kí ó tó dé orí owó. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà báńkì, àlejò ni. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé èyí nìkan, nítorí ẹ̀rọ ti ń fara wé ohùn ènìyàn báyìí. Kí a pe ẹni náà lórí ìpè gidi, kí a bi í ní ohun tí àwa méjèèjì nìkan mọ̀.

Nígbà tí àkáǹtì bá ti padà, kí a lọ sí ibi tí a kọ “Two-step verification” sí nínú WhatsApp, kí a yan nọ́ńbà mẹ́fà tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí wa, kí a sì fi ímeèlì sí i fún ọjọ́ tí a bá gbàgbé. Lórí Facebook, kí a yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà, kí a lé gbogbo ẹ̀rọ mìíràn jáde, kí a sì yọ ímeèlì àti nọ́ńbà tí a kò mọ̀ kúrò. Ní ti ojú-ìwé ìjọ lórí Facebook, kí ó má ṣe wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ní àṣẹ kíkún lórí rẹ̀, kí akọ̀wé ìjọ sì wà lára wọn. Nígbà tí a bá sì gbé òṣìṣẹ́ kan lọ sí ìlú mìíràn, kí a yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní ọjọ́ tí ó bá fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sílẹ̀.